Kí ni fóònù ń wá lóko kòkó?

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa, ó dé oko bàbá wa lọ́nà Ifẹ̀tẹ̀dó. Kò wọn kòkó, kò sanwó. Fóònù ló dì mú, tó ń tọ ààlà oko kiri. Bàbá ní ilẹ̀ àwọn ni wọ́n fẹ́ gbà. Àbí?

Ìdáhùn: Kí bàbá fọkàn balẹ̀. Máàpù oko ló ń yà. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan lọ́dún 2023 pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 wá, kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì ti ń béèrè oko tí kòkó ti wá. Bí oko kò bá ju hẹ́kítà 4 lọ, ìyẹn bí éékà 10, àmì kan lórí máàpù ti tó. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀, dandan ni kí wọ́n ya ààlà rẹ̀. (Àfàìmọ̀ kí oko bàbá má tóbi ju bí wọ́n ṣe ń sọ fún yín lọ!)

Ìbéèrè: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí lóko yẹn. Báwo ni fóònù ṣe mọ ibi tó wà?

Ìdáhùn: Àwọn sátẹ́láìtì GPS tó wà lókè ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 ń kéde aago wọn nígbà gbogbo. Fóònù á wo bí ìkéde náà ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà. Tó bá ti gbọ́ ti mẹ́rin, ó ti mọ ibi tó wà. Gbígbọ́ nìkan ló ń gbọ́, kì í fèsì, kì í sì í jẹ dátà.

Ìbéèrè: Ta ló wá mọ̀ bóyá igbó ni tẹ́lẹ̀?

Ìdáhùn: Sátẹ́láìtì mìíràn ni, Sentinel-2 ti Yúróòpù, tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Wọ́n á gbé máàpù oko lé àwòrán 2020. Ṣùgbọ́n kòkó àwọn bàbá wa, tó wà lábẹ́ ìrókò àti obì, igbó ló jọ látòkè. Kọ̀ǹpútà lè ṣì í mú, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tó mọ oko wò ó.

Ìbéèrè: Ṣé ó parí síbẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá. Ibi tí wọ́n ti ń ra kòkó ni mo ti ń ṣiyèméjì. Wọ́n ń da kòkó oko ogún pọ̀, wọ́n á tún un sá, wọ́n á tún un dì. Òfin kò gba kí a da èyí tí a mọ oko rẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tí a kò mọ̀. Àwọn kan ti ń lẹ kóòdù mọ́ àpò, kí fóònù lè kà á. Ara àpò ni kóòdù wà ṣá, kò sí lára èso. Bí ẹnì kan bá da kòkó aládùúgbò sí i, ìwọ̀n ló lè tú u fó: oko éékà méjì kò lè so àpò ọgọ́rùn-ún.

Ìbéèrè: Àwọn tó ti ń dáko nínú igbó ọba Ṣáṣà láti 2010 ńkọ́?

Ìdáhùn: Ọjọ́ gbè wọ́n, òfin ilẹ̀ wa ni kò gbè wọ́n. Òfin Yúróòpù sì ní kí kòkó tẹ̀lé òfin orílẹ̀-èdè tó ti wá.