Bí Tíkẹ́ẹ̀tì Kọ̀ǹpútà Ṣe Di Ohun Tó Ń Kú

Ọlọ́kadà tó gba tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ní Adó-Èkìtì mọ̀ pé tòní ni. Bó bá fi han àwọn agbowó lọ́la, yóò san owó òmíràn. Ìwé náà kò ya, kò sì sọnù. Ọjọ́ rẹ̀ ló kọjá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó kọ́ ọgbọ́n yìí.

Ní 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì MIT, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé CTSS jáde, ètò tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa lo kọ̀ǹpútà kan pọ̀. Kí ẹnìkan má baà tú ẹrù ẹlòmíràn, oníkálukú gba pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Kò sí ọjọ́ kankan lára rẹ̀, inú fáìlì kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì wà, láìbò. Ní 1962, Allan Scherr, akẹ́kọ̀ọ́ tí wákàtí tí wọ́n bù fún un kò tó, ní kí ẹ̀rọ tẹ fáìlì náà síta fún òun. Ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà, ó di tirẹ̀ títí olóhun yóò fi rántí pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, ìyẹn bó bá rántí.

Oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ lò ni fífi dandan mú èèyàn pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń lo Ayọ2023 kàn ń sọ ọ́ di Ayọ2024 ni. Ní 2017, NIST, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún ìjọba Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n jáwọ́ ńbẹ̀, àfi bí ẹ̀rí bá wà pé pásíwọ́ọ̀dù ti jò.

Ibòmíràn ni ọjọ́ ìparí ti wá. Ní 1978, Needham àti Schroeder, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ bí kọ̀ǹpútà méjì ṣe lè mọ ara wọn dájú nípasẹ̀ ẹ̀kẹta tí àwọn méjèèjì fọkàn tán. Ní 1981, Denning àti Sacco rí ihò níbẹ̀: olè tó rí kọ́kọ́rọ́ àṣírí àtijọ́ tí ẹ̀kẹta náà ti fún wọn rí lè tún un lò, nítorí kò sóhun tó fi hàn pé ó ti gbó. Wọ́n ní kí a kọ àkókò sí i.

Iṣẹ́ Athena, tí MIT bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ló sọ èyí di ohun èlò. Kọ̀ǹpútà wà káàkiri yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí lè wọ̀, wọn kò sì fẹ́ kí pásíwọ́ọ̀dù gba orí wáyà kọjá. Wọ́n wá ṣe Kerberos: o fi pásíwọ́ọ̀dù jẹ́rìí ara rẹ lẹ́ẹ̀kan, olùpín tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ ní tíkẹ́ẹ̀tì tó ní wákàtí lórí, ó wà nínú fáìlì lórí ẹ̀rọ rẹ, òun lo fi ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ìyókù. Nínú ẹ̀dà kẹrin, báìtì kan péré ni wọ́n fi kọ iye ọjọ́ ayé tíkẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú 5 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Báìtì kan kò lè gba òǹkà tó ju 255 lọ. 255 lọ́nà 5 jẹ́ ìṣẹ́jú 1,275, wákàtí 21 àti ìṣẹ́jú 15. Iṣẹ́ tó gba ọjọ́ méjì á kú sójú ọ̀nà.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà karùn-ún, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 1993, fi gba àkókò méjì: ìgbà tí tíkẹ́ẹ̀tì yóò kú, àti ìgbà tí a kò ní lè sọ ọ́ dọ̀tun mọ́. Wákàtí 10 àti ọjọ́ 7 wọ́pọ̀. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àṣẹ `kinit -r 7d` lo fi ń béèrè tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣeé sọ dọ̀tun fún ọjọ́ 7, `klist` lo fi ń wo àkókò méjèèjì, `kinit -R` lo fi ń sọ ọ́ dọ̀tun, ṣùgbọ́n kí wákàtí 10 tó pé ni. Bó bá ti kú, bí ọjọ́ 6 bá tilẹ̀ ṣẹ́kù, pásíwọ́ọ̀dù lo máa tún tẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀: ìgbàkígbà tí o bá padà wá, olùpín ń ráyè wò ó bóyá wọ́n ti fi ẹjọ́ sùn pé wọ́n jí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Nínú Kerberos ti MIT, òdo ni `max_renewable_life`, iye àkókò tí olùpín gbà kí a fi sọ tíkẹ́ẹ̀tì dọ̀tun, bí alábòójútó kò bá fọwọ́ kàn án, `-r` rẹ kò sì ní já mọ́ nǹkan kan.

Ní Adó tàbí Ọ̀yẹ́, fi `kinit -R` sí cron, ètò tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lásìkò tí o bá dá fún un, ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kí ó lè ráyè gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì kí tíkẹ́ẹ̀tì tó kú. Bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́ tí dísù sì tán, sáfà lè jí lẹ́yìn wákàtí 12. `-R` kò wúlò mọ́. Fún iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, keytab ni kí o lò, fáìlì tó ní kọ́kọ́rọ́ tó ń dípò pásíwọ́ọ̀dù, kí àṣẹ fáìlì rẹ̀ jẹ́ 600, kí olóhun nìkan lè kà á tàbí kọ ọ́. Wo aago náà. Kerberos kì í sábà fàyè gba ju ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú 5 lọ, bátìrì CR2032 tó bá sì kú lórí bọ́ọ̀dù ń dá aago padà sí ọdún àtijọ́. Jẹ́ kí chrony, ètò tó ń gba aago tó tọ̀nà lórí ìkànnì, tún un ṣe kí o tó béèrè tíkẹ́ẹ̀tì.

OAuth 2.0, ti 2012, ìlànà tó ń jẹ́ kí áàpù kan lo àkáǹtì rẹ láìgba pásíwọ́ọ̀dù rẹ, pín àkókò méjì yẹn sí ara tókìn méjì, ohun tó dà bíi tíkẹ́ẹ̀tì: ọ̀kan fún iṣẹ́, ìṣẹ́jú 60 lọ́pọ̀ ìgbà, èkejì fún gbígba tuntun. Lọ́dọ̀ àwọn kan, èkejì náà ń kú bí o bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì fún ọ ní òmíràn. Nítorí náà, kọ tuntun sínú fáìlì ọ̀tọ̀, jẹ́ kó dé orí dísíìkì, kí o tó yí orúkọ rẹ̀ padà sórí ti àtijọ́, kí ètò méjì má sì ṣe é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá lọ láàárín gbígbà àti kíkọ, ti àtijọ́ ti kú, tuntun kò sí níbì kankan, àfi kí olóhun fúnra rẹ̀ tún wọlé látìbẹ̀rẹ̀.