Bí Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ Ṣe Di Mẹ́rin: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Koru

Koru ni orúkọ tí wọ́n sọ ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kan tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti máa fọkàn sí èémí àti ara wọn kí àníyàn wọn lè rọlẹ̀. Àmọ́ orí ìrora ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí àníyàn ọ̀dọ́. Lọ́dún 1979, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts nílùú Worcester ní Amẹ́ríkà, Jon Kabat-Zinn kó àwọn aláìsàn tí ìrora wọn kò gbóògùn jọ. Ó ń kọ́ wọn láti máa fi ọkàn sí èémí àti ara wọn bó ṣe rí lásìkò náà gan-an, láì bá a jà, láì sá fún un. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló ti kọ́ ọ, àwọn tó ń pè é ní sati lédè Pali. Ó yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kúrò nínú rẹ̀ ni. Ètò rẹ̀ gùn: ọ̀sẹ̀ 8, wákàtí 2 àbọ̀ lọ́sẹ̀, odindi ọjọ́ kan láìsọ̀rọ̀, àti ìṣẹ́jú 45 nílé, ọjọ́ 6 nínú ọ̀sẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀yìn ti ń ro tipẹ́tipẹ́ lè fara da ìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò ń lé bọ̀ ńkọ́? Holly Rogers àti Margaret Maytan, dókítà ọpọlọ méjì tó ń tọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Duke, gé e sí ọ̀sẹ̀ 4: ìṣẹ́jú 75 ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́ nílé. Koru ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ tí àwọn Māori ní New Zealand ń pe ọ̀mùnú ewé tó ká bí ìkarahun ìgbín, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú. Wọ́n dín àkókò kù, ṣùgbọ́n wọ́n mú òfin le. Dandan ni wíwá sí gbogbo kíláàsì. Ojoojúmọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ohun tó ṣe sílẹ̀, pẹ̀lú ohun 2 tó ń dúpẹ́ fún.

Mímí síkùn wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́. Ọwọ́ kan lórí àyà, èkejì lórí ikùn. Bí ti ikùn bá ń gbéra ju ti àyà lọ, ó ti bọ́ sí i. Ẹni tó bá ń fipá mí lemọ́lemọ́, òòyì á kọ́ ọ, torí carbon dioxide (afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta) inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, àníyàn á wá gbóná sí i. Ẹni tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ lè máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó fọkàn sí àtẹ́lẹsẹ̀ bó ṣe ń kan ilẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn rò pé ọkàn gbọ́dọ̀ ṣófo. Ọkàn á ṣáà lọ. Kéèyàn mọ̀ pé ó ti lọ, kó pè é padà, iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn. Àwọn mìíràn kì í dán an wò àfìgbà tí àyà wọn bá ń já. Ta ló ń kọ́ odò wíwẹ̀ nígbà tí omi ti ń gbé e lọ?

Lọ́dún 2014, ìwádìí lórí akẹ́kọ̀ọ́ 90 jáde: àwọn tó ṣe Koru sùn dáadáa sí i, wàhálà ọkàn wọn sì dínkù ju ti àwọn tó ṣì ń dúró de kíláàsì lọ. Àwọn adúródeni yẹn kò tíì gba ìrànlọ́wọ́ kankan nínú ètò náà, nítorí náà ìwádìí ọ̀hún kò lè sọ bóyá Koru ju ìtọ́jú mìíràn lọ.