Gígùn àti fífà ojú-ewé ìkànnì

Gígùn ojú-ewé ìkànnì ni bí ọ̀rọ̀, àwòrán àti bọ́tìnì orí rẹ̀ ṣe lọ sísàlẹ̀ tó. Fífà ni fífi ìka tàbí máòsì sún un kí apá tí kò tíì hàn lè yọ.

Ìtàn

Ọ̀dọ̀ àwọn oníwèé ìròyìn ni èrò pé ohun pàtàkì gbọ́dọ̀ wà lókè ti wá. Wọ́n ń ká ìwé ìròyìn sí méjì kí wọ́n tó pàtẹ rẹ̀, ìdajì òkè nìkan ló sì ń hàn. Àwọn tó ń dúró ti fẹ́ńdọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba láàárọ̀, tí wọ́n ń ka àkọlé láìra ìwé, mọ agbára ìdajì yìí dáadáa.

Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí ìkànnì ṣe ń rọrùn láti lò, kọ́kọ́ gbà pé òǹkàwé kì í sábà fa ojú-ewé, ṣùgbọ́n ó yí èrò náà padà ní 1997. Ìwádìí ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Nielsen Norman Group, ní 2010 rí i pé ìdá 80 nínú 100 àkókò ìwòye ló ń lọ sí apá tó kọ́kọ́ hàn. Ní 2018, ó ti di 57. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n lò, kì í ṣe fóònù, nítorí náà ó yẹ ká ṣọ́ra kí a tó fi wọ́n díwọ̀n òǹkàwé Èkó.

Ìwúwo àti dátà

Gígùn nìkan kọ́ ló ń jẹ dátà. Ọ̀rọ̀ 10,000 láìsí àwòrán kì í sábà kọjá kìlóbáìtì 100, bẹ́ẹ̀ fọ́tò kan ṣoṣo tí a gbé láti fóònù láìfún un pọ̀ lè ju mẹ́gábáìtì 3 lọ. Bí oníṣòwò kan ní Computer Village, Ìkẹjà, bá to irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ 40 sójú kan, ó ti ju mẹ́gábáìtì 120 lọ, ì báà jẹ́ pé mẹ́ta péré ni oníbàárà wò. Láti 2019 ni Chrome, ohun èlò tí a fi ń ṣí ìkànnì, ti ń ka àmì inú kóòdù loading="lazy", tó ń mú kí àwòrán dúró títí òǹkàwé yóò fi sún mọ́ ọn. Àmì kékeré yìí ṣe pàtàkì ju kí a máa gé ojú-ewé kúrú lọ.

Fífà aláìlópin

Èyí ni kí ojú-ewé máa gbé nǹkan tuntun wá fúnra rẹ̀ bí òǹkàwé bá ti ń sún mọ́ ìsàlẹ̀. Aza Raskin, tó ń ṣe àpẹẹrẹ ojú ìkànnì, ló ṣe é ní 2006. Ó bá ìkànnì fọ́tò mu, kò fi bẹ́ẹ̀ bá ti ọjà mu: ìsàlẹ̀ pátápátá ni àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà WhatsApp sábà máa ń wà, bí oníbàárà bá sì ti fẹ́ débẹ̀ ni ọjà mìíràn á tún já wọlé. Nairaland, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ṣì ń pín ọ̀rọ̀ gígùn sí ojú-ewé oní-nọ́ńbà.