Bí ọpọlọ ṣe ń mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ wá, àti ìgbà tí omi tó

Ẹnu tó gbẹ la máa ń kíyè sí nígbà tí òùngbẹ bá dé, ṣùgbọ́n inú ọpọlọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń làágùn, tí à ń tọ̀, tí à ń mí, omi ń jáde lára wa, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á sì máa ki sí i. Kò dìgbà tó bá pọ̀. Bó bá fi ìdá 1 sí 2 nínú 100 ki ju bó ṣe yẹ lọ, òùngbẹ ti dé nìyẹn.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nítòsí hypothalamus, ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ló ń ṣọ́ ọ. Tí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù, omi inú wọn á fà jáde, wọ́n á súnkì, wọ́n á sì ránṣẹ́. Họ́mónù tí wọ́n ń pè ní vasopressin á lọ sọ fún kíndìnrín pé kó dín omi tó ń bá ìtọ̀ lọ kù. Ní 1953, Bengt Andersson ní Sweden fi omi iyọ̀ díẹ̀ sínú hypothalamus ewúrẹ́, ńṣe ni àwọn ẹran náà bẹ̀rẹ̀ sí í mumi.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí a bá wá mumi ló yà mí lẹ́nu jù. Ó máa ń tó bí ìṣẹ́jú 10, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí omi tó wọ ẹ̀jẹ̀ débi tí iyọ̀ á fi dín, síbẹ̀ kíákíá ni òùngbẹ máa ń lọ. Derek Denton, ọmọ Ọsirélíà, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ya àwòrán ọpọlọ èèyàn lórí èyí ní 1999. Wọ́n fa omi iyọ̀ sí àwọn èèyàn náà lára títí òùngbẹ fi gbẹ wọ́n, apá ọpọlọ tó ń jẹ́ anterior cingulate sì ta jí. Nígbà tí wọ́n mumi yó, ibẹ̀ dákẹ́, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ ṣì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ọpọlọ kì í dúró de ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣírò ni. Ẹnu àti ọ̀fun ń jẹ́ kó mọ bí ohun tí à ń gbé mì ṣe pọ̀ tó, ìfun á sì yẹ ìṣirò náà wò. Tí eku bá mu omi iyọ̀, sẹ́ẹ̀lì òùngbẹ rẹ̀ á kọ́kọ́ dákẹ́. Bí ìròyìn ìfun bá ti dé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Lára àgbàlagbà, ìmọ̀lára yìí máa ń rẹlẹ̀. Omi lè ti dín lára wọn kí òùngbẹ má gbẹ wọ́n tó bó ṣe yẹ, nítorí náà ká máa gbé omi fún wọn kí wọ́n tó béèrè.