Ìwé Gbọọrọ Orí Tábìlì Nọ́ọ̀sì

Lọ́jọ́ ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti ń gbé ní họ́sítẹ̀lì, wọ́n á tú àpótí rẹ̀ wò lójú ìyá rẹ̀. Gààrí kọjá, mílíìkì kọjá, ọṣẹ kọjá. Ó wá ku ọ̀rá kékeré kan tí Panadol, oògùn ibà àti oògùn ọ̀fìnkìn wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ò kọjá. Wọ́n á kọ orúkọ ọmọ sí i lára, ó di ti sick bay, yàrá ìtọ́jú aláìsàn ilé ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni ìyá á ti fajú ro: "Panadol lásán náà?"

"Lásán" yẹn gan-an ni wàhálà.

Fọ́ọ̀mù ìlera tí òbí ń kọ ò ṣòro láti yé èèyàn. Genotype ọmọ, oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà, nọ́ńbà fóònù, ó parí. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ìwé gbọọrọ kan tó máa ń wà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì, tí wọ́n fi rúlà fa ìlà sí nínú: ọjọ́, orúkọ, kíláàsì, ohun tó ń ṣe ọmọ, oògùn tí wọ́n fún un, iye hóró, aago. Ojú ibi tí wọ́n ń kọ aago sí yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù lọ nínú gbogbo ilé náà.

Parasítámọ́ọ̀lù ni oògùn tó wà nínú Panadol. Hóró rẹ̀ kan sábà máa ń jẹ́ mílígíráàmù 500. Àgbàlagbà ò gbọdọ̀ lò ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24, ó kéré tán wákàtí 4 sì gbọ́dọ̀ wà láàárín ìlò kan àti èkejì. Ti ọmọdé kò tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ àti bó ṣe wúwo tó ni wọ́n ń wò. Ẹ wá gbé ìṣirò yìí lọ sí họ́sítẹ̀lì. Orí ń fọ́ ọmọ kan láàárọ̀, ó lo méjì nínú tirẹ̀. Lọ́sàn-án, ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún un ní oògùn ọ̀fìnkìn. Parasítámọ́ọ̀lù wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn, àmọ́ orúkọ mìíràn ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. Lálẹ́, síníọ̀ tó fẹ́ràn rẹ̀ tún fún un ní méjì. Kò sẹ́ni tó rò ó níkà nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni. Ìyàwó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ fọ abọ́. Ìyá ọkọ dé, ó tọ́ ọbẹ̀ tí ò tíì hó dáadáa wò, ó ní kò níyọ̀, ó bu tirẹ̀ sí i. Àbúrò ọkọ tó ń kọjá lọ ṣí ìkòkò, òun ò fọwọ́ kan iyọ̀ o, Maggi méjì péré ló fọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú Maggi. Ọwọ́ mẹ́ta, ìkòkò kan. Àmọ́ ọbẹ̀ oníyọ̀ ṣì sàn, torí lójú ẹsẹ̀ ni ahọ́n á ti sọ. Parasítámọ́ọ̀lù tó bá pọ̀ jù kì í sọ. Lọ́jọ́ kìíní, èèyàn lè má mọ nǹkan kan lára, tàbí kí èébì kàn máa gbé e. Ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kí ìhà ọ̀tún tó máa ro ó, kí ẹyinjú tó pọ́n bí ìyeyè. Ẹ̀dọ̀ ló ti ń bà jẹ́ yẹn. Oògùn tó ń ṣẹ́gun rẹ̀ wà, acetylcysteine lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 8 ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ta ló fẹ́ ka wákàtí 8 nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ọmọ lo ti àkọ́kọ́?

Ọjọ́ kan lè má ṣe nǹkan. Ibà ọlọ́jọ́ mẹ́rin ńkọ́, tí ọmọ ò sì jẹun kánú?

Ìwé gbọọrọ ló sọ ọwọ́ mẹ́ta di ọwọ́ kan. Nọ́ọ̀sì alẹ́ á ka ohun tí ti ọ̀sán kọ. Ojú rẹ̀ náà ni ọmọ á ti gbé oògùn mì: "Lanu. Gbé ahọ́n sókè."

Oògùn ibà gan-an ló ń fi ọgbọ́n inú ìwé yìí hàn. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fúnni lóògùn ibà, àyẹ̀wò tí kì í gbà ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Bí ó bá jẹ́ ibà lóòótọ́, tí ọmọ sì tó kílò 35, hóró artemether-lumefantrine 24, oní mílígíráàmù 20/120, ló máa lò: mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Wákàtí 8 ló wà láàárín ti àkọ́kọ́ àti èkejì. Ọ̀rá inú oúnjẹ ló ń jẹ́ kí ara gbà á dáadáa, ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń béèrè pé "Kí lo jẹ?" kó tó ṣí páálí. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ara ọmọ ti tutù, bọ́ọ̀lù ló ń rò. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni oògùn wà, hóró mẹ́jọ tó kù á wọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó di ti ibà mìíràn. Nínú ìwé, ojú ìlà tó ṣófo á pariwo, wọ́n á sì rán prefect lọ wá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tó ń lo folic acid lójoojúmọ́.

Síbẹ̀ àṣejù wà nínú òfin yìí. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń ti inhaler, oògùn tí ọlọ́sìmà ń fà sínú kí àyà rẹ̀ lè tú, mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú Panadol, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àyà ọmọ ń há ní aago méjì òru, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ń sùn nílé rẹ̀. Aago ò wúlò fún oògùn tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà. Láti oṣù kẹwàá 2014, òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti gba ilé ẹ̀kọ́ láyè láti ra inhaler oní-salbutamol (oògùn tó ń tètè tú àyà) pamọ́ fún pàjáwìrì láìsí ìwé dókítà, bí èyí tó wà lọ́wọ́ ọmọ bá tán tàbí tó bà jẹ́. Èyí tó jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀, àpò rẹ̀ ló yẹ kó wà. Kí wọ́n kọ orúkọ sí i lára, kí wọ́n dá a padà fún un, kí nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sínú ìwé gbọọrọ pé ọwọ́ ọmọ ló wà.