Kíkó dátà bọ́ sórí ẹ̀yà tuntun: ohun tó yẹ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ mọ̀

Bí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Tanke, ní Ìlọrin, bá ṣì ń fi MySQL (sọ́fítíwia tó ń tọ́jú dátà) ẹ̀yà 5.7 tọ́jú orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti owó tí kálukú fi pamọ́, ó ti yẹ kí wọ́n kúrò lórí rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Oracle, ilé iṣẹ́ tó ni ín, ti dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró. Fífi sọ́fítíwia tuntun sí i ò le. Dátà tó ti wà nílẹ̀ ni wàhálà: ó gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ìlànà tí ẹ̀yà tuntun ń lò, kí ohunkóhun má sì yí nínú rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn là ń pè ní kíkó dátà.

Èèyàn ò lè ti orí 5.7 fò bọ́ sórí ẹ̀yà 8.4, ó ní láti gba ẹ̀yà 8.0 kọjá. Tí 8.0 bá sì ti tún àwọn fáìlì náà tò, 5.7 ò lè kà wọ́n mọ́. Ẹ̀dà ìpamọ́ tí ẹ ti ṣe sílẹ̀ nìkan ni ọ̀nà àbọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ mójú tó jù. mysqldump, irinṣẹ́ tó bá MySQL wá, ló ń ṣe é. Ẹ fi --single-transaction sí i, kí àwọn tébù InnoDB (irú tébù tí MySQL sábà ń lò) yín lè bára mu bí ẹnì kan bá tiẹ̀ ń sanwó lọ́wọ́. Ẹ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà míì, kí ẹ tú u síbẹ̀, kí ẹ ka iye ìlà tó wà nínú tébù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ro owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀, kó bá ti tẹ́lẹ̀ mu dé kọ́bọ̀. Kí ínfátà sì ti gba agbára dáadáa o, nítorí NEPA ò mọ̀ pé ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́.

Àmọ́ àròpọ̀ owó lè pé kí orúkọ bàjẹ́, ibí yìí ló sì kan àwa Yorùbá gan-an. latin1, ìlànà ìtọ́jú lẹ́tà tí 5.7 ń lò bí èèyàn ò bá yan òmíràn, ò ní àyè fún ẹ, ọ àti ṣ. utf8mb4 tí 8.0 ń lò gba gbogbo wọn. Tí ẹ bá rí i pé Ṣ ti di «á¹¢», ẹ má tíì pariwo: ojú latin1 ni wọ́n fi ń kà á, báìtì rẹ̀ (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi tọ́jú lẹ́tà náà) ṣì pé, ó ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n tí «Ṣọlá» bá di «??lá», lẹ́tà yẹn ti lọ. Ó lè jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà ni wọ́n ti ní kó jáde ní latin1, tó fi jẹ́ pé inú fáìlì ìpamọ́ fúnra rẹ̀ ló ti bàjẹ́, kíka ìlà ò sì ní tú àṣírí rẹ̀. Orúkọ bíi Ṣọlá ni kí ẹ fi dán an wò. Musa á kọjá níbi gbogbo láìfarapa.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ méjì, ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ wà bó ṣe wà, kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan sí i mọ́, títí ẹ ó fi ṣe ìṣirò òpin oṣù lórí tuntun.