Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kan Òṣogbo

Bí àlejò bá dé Òṣogbo lóṣù kẹjọ, igbó Ọ̀ṣun ni wọn yóò kọ́kọ́ mú un lọ. Yóò rí ère, yóò rí ọ̀bọ, yóò ya fọ́tò. Èmi a máa sọ fún irú wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí igbó yẹn ṣe dúró títí dòní, kí wọ́n kọ́kọ́ gbàgbé igbó. Omi ni àwọn baba wa wá wá.

Ìtàn tí a bá lẹ́nu àgbà ni pé omi wọ́n àwọn ará Ìpólé. Ọba Làróòyè àti Tìmẹ́hìn, ọdẹ erin, kó ènìyàn wọn jáde, wọ́n rìn títí wọ́n fi kan odò Ọ̀ṣun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó. Igi kan tí wọ́n gé wó lu odò, ni ohùn bá dún láti inú omi: “Oṣó inú igbó, ẹ̀yin oṣó inú igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi tán!” Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ ìlú ti wá, a ò sì yéé jẹ́ ìlú aró.

Ẹni tó bá wù lè jiyàn lórí ìkòkò aró. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé igi gígé létí odò ni ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kan ìlú yìí. Àdéhùn tó tẹ̀lé e kò lọ́jú pọ̀: odò yóò dáàbò bò wọ́n, àwọn náà yóò dá etídò sí, wọn yóò sì máa bọ ọ́ lọ́dọọdún. Nígbà tí Làróòyè rúbọ, ẹja jáde láti inú omi, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. Atẹ́wọ́gbẹja nìyẹn, òun ló di Àtáọ́ja, orúkọ oyè ọba Òṣogbo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó kúrò létídò lọ sókè, nítorí omi a máa kún. Ibi tí ààfin àkọ́kọ́ wà ṣì wà nínú igbó. Mo mọ àdúgbò tí wọ́n kọ́lé dí ojú ọ̀nà omi lónìí, tí òjò ọ̀gànjọ́ kan ṣoṣo ń gbé àga wọn jáde. Làróòyè ti parí ẹjọ́ yẹn tipẹ́tipẹ́.

Ẹnikẹ́ni ò gbin igbó náà. Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ ni, wọ́n sì fi èèwọ̀ ṣọ́ ọ: a kì í pẹja níbẹ̀, a kì í dọdẹ, a kì í gégi. Ojúbọ mẹ́sàn-án ló tò sí etí omi. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì òjò, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ ki ọwọ́ bọ ewé tó jábọ́ lé ara wọn. Ewé òkè ti gbẹ, tìsàlẹ̀ ṣì tutù, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Òjò tó bọ́ sórí igi gíga ti kán sórí igi kékeré, ó ti kán sórí ewé, ó wá rọra wọlẹ̀. Omi tó bá wọlẹ̀ báyìí ló ń yọ díẹ̀díẹ̀ sínú odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó gba apá kan ibẹ̀ fún ìdánwò. Wọ́n gé igi àbáláyé, wọ́n gbin tíìkì. Ọgbọ́n yẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: láti 1899 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ya igbó Olókeméjì sọ́tọ̀, pákó àti òpó ló sì wà lójú wọn. Apá Íńdíà àti Bọ́mà ni tíìkì ti wá. Ẹ já ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ẹ ra á, ọwọ́ yín yóò pọ́n bí ẹni kun osùn. Nígbà tó bá gbó, ewé yẹn fẹ̀ bí àwo. Òjò á kó jọ sórí rẹ̀, á wá já bọ́ ní ẹ̀kán ńláńlá tó ń lu ilẹ̀ ṣán. Ewé rẹ̀ á tún wọ́ lẹ́ẹ̀rùn, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á wà ní gbalasa.

Susanne Wenger, ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí a sọ di Àdùnní Olórìṣà, òun àti àwọn oníṣọ̀nà bí Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálí Àkàngbé, ni wọ́n dá igi gígé náà dúró. Ère ni wọ́n fi ṣọ́ igbó: ẹni tó gbé àáké dé yóò kọ́kọ́ fojú kan òrìṣà. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé hẹ́kítà 75 ní 1992, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Àdùnní kú ní 2009.

Ní 2005 yẹn kan náà ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí oko igi tí wọ́n gbìn sí ilẹ̀ tí kò ní igi tẹ́lẹ̀, káàkiri àgbáyé. Omi tó ń ṣàn nínú odò ibẹ̀ dín kù ní ìpín 52 nínú 100. Ìpín 13 nínú 100 àwọn odò náà gbẹ pátápátá fún ọdún kan, ó kéré tán. Ohun rere ni wọ́n ní lọ́kàn tí wọ́n fi ń gbin irú igi bẹ́ẹ̀. Ayé ń gbóná, igi sì ń fa kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́, èyí tó ń mú un gbóná, pamọ́. Àdéhùn Kyoto ti 1997, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí ayé tó ń gbóná, tilẹ̀ sọ kábọ́ọ̀nù tí igi fà pamọ́ di ọjà títà. Ṣùgbọ́n ihò ara ewé tí kábọ́ọ̀nù ń gbà wọlé ni omi ń gbà jáde. Igi tó bá ń yára sanra, ó ń yára mumi. South Africa rí i, ni òfin omi wọn ti 1998 fi ka oko igi ńlá mọ́ àwọn tó ń lo omi, tó gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ. Mi ò sọ pé ká má gbin igi o. Lórí ilẹ̀ tí ọ̀gbàrá ti bó láwọ̀, igi a máa dá ilẹ̀ dúró, a sì máa dín ìkún omi kù. Ohun tí mò ń bi àwọn tó ń ka iye igi tí wọ́n gbìn ni: ta ló ka odò?

Ti oko rọrùn díẹ̀. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, láti 1970, Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀, fi hàn pé ilẹ̀ tí a kò tú, tí a fi koríko bò, kì í jẹ́ kí òjò ṣàn lọ lásán. Omi ń wọlẹ̀, ọ̀rá ilẹ̀ ń pọ̀ sí i, kábọ́ọ̀nù wà nínú ọ̀rá náà. Mo bá ìyá kan lákùrọ̀ tó kó koríko gbígbẹ yí ìdí ẹ̀fọ́ ká. Mo ní, “Ẹ kú oko, mà. Ṣé ẹ ò ní kó koríko yìí dànù?” Ó ní, “Aṣọ ilẹ̀ ni, ọmọ mi. Ẹni tó bá bọ́ aṣọ ilẹ̀, yóò pọnmi títí.”

Hẹ́kítà 75 ò lè gba gbogbo odò là ṣá. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ń bọ̀, wọ́n sì ń wa góòlù káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun kan, mo dúró lẹ́yìn arábìnrin kan tó bu omi àgbo ọmọ sínú gálọ́ọ̀nù. Ó gbé e kalẹ̀ sábẹ́ igi, ó ń dúró kó tòrò. Nígbà tí Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ lọ sódò, fi wọlé, ẹrẹ̀ pupa ti ga tó ìka méjì nísàlẹ̀ gálọ́ọ̀nù náà.